Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé abolẹ̀ wọn, ẹ bi wọ́n pé: ta ló máa jẹ èrè ilẹ̀ yẹn?

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó kan ilẹ̀, ó kan owó, ó sì kan ìwé tí wọ́n ń gbé kiri pé kí a fọwọ́ sí.

Ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ síra: ètò ìtọ́jú àyíká, ètò ìtọ́jú ilẹ̀, ètò ojú ọjọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ ya apá kan oko rẹ̀ sọ́tọ̀, kó gbin irúgbìn ìran ẹ̀wà tó ń bo ilẹ̀ sí i, tàbí kó gbìn ín pọ̀ mọ́ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kó má finá sí oko. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n á fún un ní irúgbìn, fìlà àti ẹ̀wù. Wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àwa àti Ọlọ́run wa.

Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wá gbọ́. A ò bá abolẹ̀ jà. Ìran ẹ̀wà dára fún ilẹ̀, a ti fi ojú ara wa rí i. Ohun tí a ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń gbé e wá, tó jẹ́ pé àgbẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù náà, tí èrè rẹ̀ sì ń lọ sápò ẹlòmíràn.

OHUN TÍ ÌRAN Ẹ̀WÀ Ń ṢE NÍNÚ ILẸ̀

Ẹ lọ fa ẹ̀wà kan, tàbí ẹ̀pà, tàbí sóyà tó ti ń yọ òdòdó. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, kí gbòǹgbò má já. Ẹ máa rí kókó róbótó róbótó lára gbòǹgbò yẹn. Ẹ fi èékánná fọ́ ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò tíì ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú kókó yẹn. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko. Náítírójìn yìí kan náà ló wà nínú yùríà tí à ń fi owó gọbọi rà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ. Àpò yùríà oní 50 kílò kan ní náítírójìn 23 kílò nínú. Abolẹ̀ tó bá rí òjò dáadáa, tó hù bo hẹ́kítà kan pátápátá (ìyẹn bí éékà méjì àti ààbọ̀), ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ lè ní náítírójìn tó 100 kílò nínú, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tó wà nínú àpò yùríà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò yìí tàn yín. Apá kan nínú rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbàdo tó bá tẹ̀ lé e kì í rí gbogbo rẹ̀ jẹ lọ́dún kan. Òmíràn á pẹ́ kó tó jẹrà, òjò á wọ́ òmíràn lọ. Èrè wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe idán.

Ohun kejì tó ń ṣe, òun gan-an la fẹ́ràn jù: ó ń pa èkan. Gbogbo ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá èkan jà mọ̀ pé bí a ṣe ń ro ó ló ń pọ̀ sí i, torí ibi tí ọkọ́ bá ti gé ìtàkùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló tún ti ń hù. Á gún iṣu nínú ebè, iṣu ọ̀hún ò ní níyì lọ́jà mọ́. Òòrùn ni èkan ń jẹ. Bí abolẹ̀ bá dí òòrùn mọ́ ọn fún oṣù bíi mélòó kan, agbára rẹ̀ á dínkù gan-an. Ohun kẹta ni pé abolẹ̀ kì í jẹ́ kí òjò líle wọ́ ilẹ̀ dúdú òkè lọ sódò.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ìjà láàárín àwa àti abolẹ̀.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LA Ń GBIN NǸKAN PỌ̀

Ohun tó ń bí wa nínú lákọ̀ọ́kọ́ nìyí. Wọ́n á kó wa jókòó, wọ́n á máa kọ́ wa ní gbígbin nǹkan pọ̀ bí ẹni pé ọmọ àná ni wá. Ta ló kọ́ ìyá wa kó fi ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo? Ẹ̀gúsí kì í ṣe ìran ẹ̀wà, kì í mú náítírójìn wá, àmọ́ ó ń bo ilẹ̀, ó ń dín ìro kù, a sì ń rí i tà. Ta ló kọ́ wọn kí wọ́n gbin ẹ̀wà sí ẹsẹ̀ àgbàdo ní àrọ̀kúrò, kí àgbàdo jẹ́ igi tí ẹ̀wà máa gùn? Ta ló kọ́ àwọn bàbá wa kí wọ́n gbin òtílí sí etí oko àti sáàárín ẹ̀gẹ́? Wọn ò pè é ní ètò àyíká. Oúnjẹ ni wọ́n ń pè é.

Ìdí tí àwọn àgbà fi gbìn ín pẹ́ nìyẹn: ó ń bọ́ ilẹ̀, ó tún ń bọ́ èèyàn. Èyí tó bá ń bọ́ ilẹ̀ nìkan, tí ọmọ ò rí i jẹ, tí ìyàwó ò rí i gbé lọ sọ́jà, kì í pẹ́ lóko tálákà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ JẸ́ KÁ WO ÀWỌN ARÁ BENIN

Àwọn kan máa sọ pé ẹ̀sùn lásán ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ní Orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọdún 1987, wọ́n mú wèrèpè oko lọ bá àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ní agbègbè Mono, níbi tí ilẹ̀ ti rẹ̀, tí èkan sì ti gba oko. Wèrèpè yìí kì í ṣe ti inú igbó tó ń yún ni lára o. Ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ irun tó ń yún ni ò sí lára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ rí i pé ó ń ṣẹ́gun èkan, ìròyìn tàn ká. Nígbà tó fi máa di 1996, wọ́n ka àwọn tó ń gbìn ín ní Benin sí nǹkan bí 10,000.

Ìròyìn ayọ̀, àbí? Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbìn ín ló ń rí irúgbìn rẹ̀ tà. Ta ló ń rà á? Àwọn pùrójẹ́ẹ̀tì ni, kí wọ́n lè tún pín in fún àwọn àgbẹ̀ míì. Kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́jà láti fi sebẹ̀, torí wèrèpè ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní L-dopa, tó lè mú èèyàn bì, tó sì lè da orí ẹni rú bí a kò bá mọ bí a ṣe ń sè é. Nígbà tí àwọn pùrójẹ́ẹ̀tì ò rà á mọ́, ọjà rẹ̀ kú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Àwọn tó kù sídìí rẹ̀ jù ni àwọn tí èkan ń yọ lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fún ọ ní irúgbìn nìkan ló máa ra irúgbìn padà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ọjà lo ní. Ọjọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀, o di aláìríjà tà.

ÌWÉ ÒYÌNBÓ, OKO ÀGBẸ̀ DÚDÚ

Ẹni bá ka ìwé ọ̀hún dáadáa máa mọ̀ pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá. Kò burú kí a kọ́ nǹkan lára òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ délẹ̀.

Ní England, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Sustainable Farming Incentive. Lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2024, £593 lórí hẹ́kítà kan lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún àgbẹ̀ tó bá fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ kó sinmi, tó gbin ìran ẹ̀wà bò ó. Ẹni tó bá gbin irúgbìn kan mọ́ irúgbìn tó ń tà, kí kòkòrò àti koríko lè dínkù, £55 ni tirẹ̀ nígbà náà lórí hẹ́kítà kan. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wọn nígbà náà. Ẹ gbọ́ o: owó ni wọ́n ń san, kì í ṣe fìlà. Ìjọba yẹn gbà pé bí àgbẹ̀ bá fi ilẹ̀ sinmi, oúnjẹ tí ì bá kórè níbẹ̀ ti lọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dí àlàfo náà. Tiwa ńkọ́? Ọdún mẹ́ta kan náà ló wà nínú ìwé tiwa. Níbo ni owó rẹ̀ wà?

Síbẹ̀, ẹ má rò pé ọ̀run rere ni tiwọn. Ní 2024, ìjọba ní láti fi òté lé àwọn kan nínú ètò tó ń gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oúnjẹ, pé kí àgbẹ̀ má fi wọ́n gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin oko rẹ̀ lọ. Nígbà tó sì di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò náà mọ́ àwọn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀, láìsọ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń múra sílẹ̀ láti wọlé kàn jí ni, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì.

Bí ìjọba tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè ti ilẹ̀kùn lójijì, kí la fẹ́ sọ nípa pùrójẹ́ẹ̀tì tó wá fún ọdún mẹ́ta, tí ọkọ̀ wọn á sì padà lọ? Torí náà, ẹni tó bá ń gbin abolẹ̀ nítorí owó wọn nìkan ń kọ́lé sórí iyanrìn. Kí wọ́n san owó, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kí abolẹ̀ náà jẹ́ èyí tó máa dúró lóko lẹ́yìn tí owó bá tán.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA

Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ìhà Òkè-Ògùn, oṣù kẹta ni wọ́n ṣe ìpàdé, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní irúgbìn ń bọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a gbin àgbàdo. Irúgbìn ò dé. Àgbàdo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn gan-an ni àkókò tó yẹ kí wèrèpè wọ ẹsẹ̀ àgbàdo, torí bí ó bá tètè wọlé jù, á gun àgbàdo, á fà á lulẹ̀. Irúgbìn ò dé. A kórè. Agbede oṣù kẹsàn-án ni ọkọ̀ tó gbé irúgbìn wọlé. A gbìn ín náà. Òjò dáwọ́ dúró, ohun tó hù ò ga ju kókósẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn pa á.

Ní oṣù kìíní, wọ́n padà wá ya fọ́tò. Wọ́n bá ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni pé àwọn àgbẹ̀ ò tẹ̀ lé ìlànà. Àwa la ò tẹ̀ lé ìlànà! Òjò kì í dúró de ìwé ọ́fíìsì.

Ìyẹn tiẹ̀ tún kéré. Èyí tó dùn wá wọra ni ti ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa. Éékà méjì ló ń dá, ìṣákọ́lẹ̀ ló sì ń san lórí rẹ̀. Ilẹ̀ èkan gidi ni nígbà tó gbà á, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó gbin òtílí pọ̀ mọ́ àgbàdo fún ọdún mẹ́ta léraléra. Ó ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó ń gé igi rẹ̀ dáná, ó ń fi gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Lọ́dún kẹta, àgbàdo tó kó níbẹ̀ ya gbogbo wa lẹ́nu. Àwọn ará pùrójẹ́ẹ̀tì mú àlejò wá wò ó, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri wọn.

Lọ́dún kẹrin, onílẹ̀ ní ọmọ òun fẹ́ máa dáko. Ó ní kó kórè, kó sì máa lọ. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ìyá yìí. Ìwé pùrójẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, wọn ò bi í pé ta ló nilẹ̀. Nígbà tó lọ bá wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí lọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwọn ò lè dá sí i. Ó wà lórí ilẹ̀ èkan míì báyìí. Ohun tó sọ fún wa ni pé, "Èmi ni mo lé èkan, àwọn ló ń jẹ àgbàdo." Ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

ILẸ̀ NI GBÒǸGBÒ Ọ̀RỌ̀

Ibí yìí gan-an ni wọn ò fẹ́ ká dé. Abolẹ̀ kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan. Ọdún kìíní, wàhálà ni. Ọdún kejì, o bẹ̀rẹ̀ sí í rí i díẹ̀. Ọdún kẹta, ó dùn. Ta wá ni yóò fi ọdún méjì gbọ́ wàhálà lórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kẹta?

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ní IITA ní Ìbàdàn, láti bíi 1976, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi ìran ẹ̀wà bíi Leucaena àti agunmániyè ní ìlà ìlà, wọ́n ń gbin àgbàdo sáàárín, wọ́n sì ń gé ẹ̀ka igi yẹn sórí ilẹ̀ kó di ajílẹ̀. Ó dára lóko IITA. Nígbà tó dé oko wa, díẹ̀ làwọn tó dì í mú. Kí ló dé? Gígé ẹ̀ka ń gba lébìrà ní àsìkò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Èkejì sì ni pé nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ti ń sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Onílẹ̀ wo ló máa jẹ́ kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin igi? Kì í ṣe pé àgbẹ̀ ò gbọ́n. Àgbẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Torí náà, bí wọ́n bá tún kó wa jọ láti sọ fún wa pé àgbẹ̀ ò fẹ́ àyípadà, ẹ bi wọ́n bóyá onílẹ̀ wà ní ìpàdé yẹn.

Ẹ̀BI TIWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Ká má parọ́, a ní ẹ̀bi tiwa. Àwọn kan nínú wa gba irúgbìn sóyà àti ẹ̀wà, wọ́n sè é jẹ. Àwọn kan kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ nítorí ẹ̀wù. Àwọn kan finá sun oko nítorí òkété kan ṣoṣo, iná ọ̀hún sì jó abolẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. A máa ń fa ẹ̀pà àti sóyà tu tigbòǹgbò tewé, a ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé, a ó pa á, a ó sì sun ewé rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ rárá, torí inú èso ni ọ̀pọ̀ náítírójìn máa ń lọ. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

OHUN TÍ A NÍ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má dúró de ọkọ̀ kankan.

1. Ẹ fi ibi kékeré bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́rin éékà kan tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ gbin àgbàdo nìkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè fi ojú yín wé e.

2. Bí ẹ bá ń san ìṣákọ́lẹ̀, òtílí, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ni kí ẹ fi ṣe é, kí èrè ọdún kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín lọ́dún náà. Ẹ gbin òtílí pọ̀ mọ́ àgbàdo nígbà òjò àkọ́rọ̀. Kì í tètè dàgbà, kì í bá àgbàdo du oúnjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àgbàdo bá kúrò ló ń gbèrú, ẹ ó sì kórè rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣọ́ màlúù o, torí òun ló máa ń tutù lóko nígbà tí koríko bá ti gbẹ.

3. Wèrèpè oko wà fún ẹni tí èkan ti gba ilẹ̀ rẹ̀ pátápátá, tí ilẹ̀ náà sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ṣán èkan náà kanlẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ gbin wèrèpè nìkan síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín àgbàdo, ẹ dúró kí àgbàdo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má jẹ èso rẹ̀. Ẹ la ojú iná yí i ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí ewé gbígbẹ rẹ̀ ń jó bí epo bẹntiróòlù.

4. Bí ẹ bá ń kórè ẹ̀wà tàbí sóyà, ẹ fi àdá gé e, kí gbòǹgbò kù nínú ilẹ̀. Èèpo àti ewé tí ẹ bá pa tán, ẹ dá a padà sóko.

5. Bí kókó gbòǹgbò sóyà yín ò bá pọ̀, tí inú rẹ̀ ò sì pọ́n, ẹ béèrè oògùn irúgbìn tó ní àwọn kòkòrò àìfojúrí yẹn nínú. Wọ́n ń ṣe ọ̀kan ní IITA Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní NoduMax. Ibi tútù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìn gan-an ni kí ẹ pò ó mọ́ irúgbìn. Òòrùn ń pa á.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọwọ́ yín ni ìdajì ọ̀rọ̀ yìí wà. Àgbẹ̀ á gbin òtílí bó bá mọ̀ pé ẹ máa rà á. Òótọ́ ni pé òtílí máa ń pẹ́ kó tó jinná, àwọn oníbàárà ìgboro sì ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ ẹ́ mọ́jú mọ̀ pé kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì wúlò nígbà tí ẹ̀wà bá gbówó lórí. Ẹ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbìn, ẹ sọ iye kóńgò tí ẹ lè kó. Ọjà yín ló máa dúró nígbà tí pùrójẹ́ẹ̀tì bá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ìwé kiri, ohun mẹ́rin la fẹ́ rí kí a tó fọwọ́ sí i. Kí irúgbìn wà nílẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, kò sí àdéhùn. Kí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ yan irúgbìn, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ èyí tí à ń jẹ tí a sì ń tà. Kí a rí owó gidi gbà lórí ilẹ̀ tí a bá fi sinmi, kí ẹ sì san án lásìkò. Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: kí onílẹ̀ jókòó níbẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí pé òun ò ní gba ilẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ọdún mẹ́ta fún iṣẹ́, ọdún méjì fún ẹni tó ṣe é láti jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ ò lè dá sí i, a jẹ́ pé ẹ ò tíì ṣe tán láti tọ́jú ilẹ̀. Onílẹ̀ lẹ fẹ́ fi òógùn wa tọ́jú.

Ẹ̀yin onílẹ̀ náà, a bọ̀wọ̀ fún yín, ilẹ̀ bàbá yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ lè lé òun lọ́la kò ní tọ́jú ilẹ̀ yín lónìí. Á fa agbára rẹ̀ tán, á sì dá èkan padà fún yín. Ẹni tí ẹ bá fọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló máa fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Òjò ò ní pẹ́ dé. Ìwé yẹn náà ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gba omi fún wọn mu, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó mú bíírò: lọ́dún kẹrin, ta ló máa wà lórí ilẹ̀ yìí? Bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹ dá bíírò wọn padà fún wọn. Ẹ mú ọkọ́ yín, ẹ gbin òtílí yín.

 Ọ̀gbìn ọdún yìí á so, a ó sì kórè rẹ̀ láyọ̀.